Ènì Orí Igi

Ọkùnrin kan wà tí igi gígé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe igi inú igbó o. Igi àgbàlá ni: igi tó dàgbà sẹ́yìn ilé títí tó fi ń wó bọ̀ lórí òrùlé, igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ń fa wáyà iná, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń la ògiri. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ yìí, Làmídì, òun ni o fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni tí kò gun igi rí yóò ṣe gbọ́ ọ, torí èmi náà ò gun igi rí. Àkàsọ̀ lásán, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí rẹ̀.

Ọkùnrin yìí kì í dá iṣẹ́ ṣe. Ó ní ẹnì kejì tó ń bá a di okùn mú nílẹ̀. Bí agégi bá ti gun igi dé ibi tó fẹ́ dúró sí, yóò gbé okùn kọ́ ẹ̀ka tó le lókè orí rẹ̀, yóò so orí okùn kan mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ẹnì kejì yóò sì di orí kejì mú nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, okùn ni yóò gbà á. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún mọ́kànlá náà, ẹsẹ̀ agégi yọ̀ nígbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló sì rọ̀ dirodiro lókè bí àdán, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó di okùn mú kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ agégi yìí níṣẹ́ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń dá iye. Ọ̀gá náà ní, "Má wo ojú onílé. Má wo mọ́tò rẹ̀, má sì wo omijé rẹ̀. Igi ni kí o wò. Yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, fi ẹ̀yìn àdá kàn án kí o gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti dòfìfo, kí o tó la ẹnu. Nínú iye tí o bá sọ, ti apá rẹ wà níbẹ̀, ti ẹni tó di okùn mú wà níbẹ̀, ti ọjọ́ tí òjò ò ní jẹ́ kí o gun igi náà wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ igi wẹẹrẹ ló kún ọgbà ẹnì kan, owó ojúmọ́ ni kí o gbà, torí kò sí ẹni tó lè jókòó máa ka ewé."

Ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni gbogbo mọ̀ pé iye rẹ̀ kì í yẹ̀. Wọ́n á ná an títí, á máa rẹ́rìn-ín, kò ní dín kọ́bọ̀. Wọ́n á kùn, wọ́n á sì tún padà wá pè é, nítorí pé bó bá gé igi tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé rẹ, páànù kan kò ní tẹ̀. Ẹni tó di okùn mú ń gba tirẹ̀ lójúmọ́, bí iṣẹ́ bá parí lọ́sàn-án, á gba ìdajì, á sì wá ibòmíràn lọ.

Ìgbà tó yá, agégi mìíràn dé sí ìlú. Òun nìkan ló dá wá. Kò ní okùn, kò ní ẹnì kejì, àdá kan àti ayùn kan ló gbé wọ̀lú. Iye tó ń pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ọkùnrin wa. Ìwọ náà mọ àwọn ènìyàn wa. Gbogbo igi tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ní kò sí owó tí wọ́n máa fi gé e, wọ́n gé e tán lọ́sẹ̀ méjì.

Odindi oṣù kan, kò sí ẹni tó pe ọkùnrin wa. Ó ń pọ́n àdá rẹ̀ láràárọ̀, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Mojírádé, ṣé ẹ ò lè dín in kù díẹ̀ ni?" Ó ní, "Tí mo bá dín in, ta ni kí n yọ nínú rẹ̀?" Ẹni tó di okùn mú nìkan ló ṣeé yọ, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ronú títí, ó wá rí ọgbọ́n kan. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan iye òun. Ènì ni òun yóò máa fún wọn.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ènì. Ìyá tó ń ta gàrí yóò wọn kóńgò tán, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bí kò bá bù ú, wàá dúró síbẹ̀, wàá máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ènì ò pa ẹnikẹ́ni lára lọ́jà. Inú àpò gàrí ni ìyá yẹn ti ń bù ú, ó sì ti mọ̀ pé òun máa bù ú kó tó sọ iye kóńgò fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí igi, níbo ni yóò ti bu ènì tirẹ̀? Kò gbé àpò kankan gun òkè. Ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ènì àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Ó gé igi odán kan fún ọkùnrin tíṣà kan, lẹ́yìn tó sọ̀kalẹ̀ tán, ó fi àdá tún òdòdó ẹ̀bá ọgbà rẹ̀ gé. Inú tíṣà dùn, ó sọ fún àwọn ará ilé ìjọsìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni mẹ́ta wá pè é. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ṣí." Wọ́n ní, "Iye rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàá jèrè rẹ̀." Ẹ̀rín padà sẹ́nu ọkùnrin yìí. Ó rò pé òun ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tó tó oṣù mélòó kan, òdòdó ti di ẹ̀ka. Kò pẹ́, ẹ̀ka di odindi igi kékeré. Àwọn oníbàárà wá kọ́ ọgbọ́n tiwọn. Bí wọ́n bá pè é wá dá iye igi kan, wọn ò ní dárúkọ ìkejì rárá. Wọ́n á fi í pamọ́ sínú. Ìgbà tó bá ká okùn tán ni wọn yóò wá na ọwọ́ sí i. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi igi ìbẹ́pẹ mẹ́ta pamọ́ sọ́kàn fún oṣù méjì, tó ń retí ọjọ́ tí agégi máa wá gé igi ọ̀pẹ rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyí, fi etí sílẹ̀ dáadáa. Ènì ò sí nínú owó ojúmọ́ ẹni tó di okùn mú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń dúró. Ó dúró tó ìgbà mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ènì tí ẹ ń fún wọn yìí, ti àwa méjèèjì ni àbí tiyín?"

Agégi ní, "Tèmi ni."

"Tó bá jẹ́ tiyín ni, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Wọ́n ń retí mi níbi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù."

Agégi ní kò burú. Mi ò bá ẹni tó di okùn mú wí, ó ní aya, ó sì ní àwọn tó ń bọ́. Láti ọjọ́ náà ni agégi ti ń gun ènì láìsí okùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á ní ènì kéré, kò tó ohun tí à ń tú okùn fún.

Ó wá kan ọjọ́ ìyá oníbúrẹ́dì.

Ìyá yìí ní igi máńgòrò ńlá kan tó fẹ̀yìn ti ilé ààrò tó ti ń ṣe búrẹ́dì. Agégi dé ibẹ̀, ó yí máńgòrò po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹ̀yìn àdá kàn án, ó sọ iye rẹ̀. Ìyá ná an, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbà. Láti òwúrọ̀ kùtù títí oòrùn fi kọjá àtàrí ni wọ́n fi ń sọ igi náà kalẹ̀ lẹ́yọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Páànù kan ò tẹ̀. Búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì níta gan-an, ewé ò bọ́ lé e. Wọ́n ká okùn, ẹnì kejì gba owó rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Ìyá san gbogbo owó náà pérépéré, ó gbé omi tútù àti búrẹ́dì gbígbóná fún agégi, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Mojírádé, ènì mi dà?"

"Ènì wo tún ni, Mà? Ẹ ò wo bí mo ṣe gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́ fún yín?"

"Ẹni gbogbo lẹ ń fún. Ṣé èmi lẹ máa wá há ọwọ́ mọ́?" Ó nàka sí igi fúrúùtù kan nígun ọgbà, tí ẹ̀ka gbígbẹ kan yọ nínú rẹ̀ sórí ilé adìẹ. "Ẹyọ kan péré yẹn ni. Ó ń já lu àwọn adìẹ mi."

Agégi gbé ojú sókè. Apá rẹ̀ ń ro ó. Ó lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n agégi kejì, àlejò tí kò ní okùn yẹn, ń gbé ní ọ̀nà kejì sí ibẹ̀, oṣù kan tó fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Kò burú, Mà," ó bọ́ bàtà, ó gbé àdá, ó gòkè.

Kò yí igi fúrúùtù po. Kò fi ẹ̀yìn àdá kàn án. Igi tí a fẹ́ gba owó lé là ń yẹ̀ wò, ta ló ń yẹ ènì wò? Ó wo ẹ̀ka gbígbẹ tó fẹ́ gé, kò wo ẹ̀ka tútù tó fi ẹsẹ̀ lé. Ewé wà lórí ẹ̀ka tútù náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ṣá àdá lẹ́ẹ̀kan, ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ka tútù náà dá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì sọ fún mi pé bó ṣe ń já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kan ní ìbàdí rẹ̀. Ìyá ò mọ ohun tó ń wá. Èmi mọ̀ ọ́n, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn ló fi lu sìmẹ́ńtì. Oṣù mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ àwọn tí ń to egungun, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má pa owó dànù mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò jẹ́ ìpè títí di òní.

Nílùú yẹn, bí ènìyàn bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ìwọ lo máa tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dìde. Bó bá sì jẹ́ pé kò ní dìde mọ́, ìwọ àti ilé rẹ ni yóò máa bọ́ ilé rẹ̀. Kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sá fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà àdúgbò fi pe ìyá oníbúrẹ́dì jókòó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Olórí wọn bi í pé, "Igi wo ni ẹ jọ dá iye lé?"

"Máńgòrò ni."

"Ṣé ó gé e?"

"Ó gé e tán."

"Ṣé ẹ sanwó?"

"Mo san án pé. Kò tilẹ̀ ka owó náà tó fi kó o sápò."

"Igi wo ló wá ti já bọ́?"

"Fúrúùtù."

"Èló lẹ jọ dá lé fúrúùtù?"

Omijé ń dà lójú ìyá. Ó ní, "Ènì ni, Bàbá."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ìyàwó agégi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Wọ́n ní àánú ṣe wọ́n, Ọlọ́run rí i. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣubú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Inú rere rẹ̀ ló gun lọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè gbé inú rere ẹlòmíràn kà lórí. Mo wá ibi tí wọ́n ti ṣìnà nínú ìdájọ́ yẹn, n kò rí i. Ìyá oníbúrẹ́dì ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún bí ọdún kan, nígbà tó yá, kò fi ránṣẹ́ mọ́. Èmi náà ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó jẹ ènì rẹ̀ wá kí i. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Igún ṣoore, ó pá lórí." Òwe náà bá ọ̀rọ̀ mu. Wọ́n pa á tán, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Àgbà ìjọ tó ni ìbẹ́pẹ ń bi í pé ṣé agégi kejì náà máa ń fún ènìyàn ní ènì.

Ìyàwó ta ayùn rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ tán. Agégi kejì yẹn náà ló wá rà á. Ó ná an, wọ́n fẹnu kò, ó sanwó, ó gbé ayùn léjìká. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Ìyá, ènì ńkọ́?" Obìnrin náà wo inú yàrá yíká. Kò sí nǹkan kan tó kù níbẹ̀ ju ọkọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àti okùn tó wà lára ìṣó. Ó mú okùn náà kúrò lára ìṣó, ó fún un. Ọkùnrin náà kì í lo okùn. Ó fi di ayùn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó lọ.

Làmídì, mo ti wá ibi tó dára tí mo lè parí ọ̀rọ̀ yìí sí, kò sí. Má rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí o má fún ènìyàn ní ènì. Ọkùnrin yẹn gbìyànjú rẹ̀, oṣù kan ló fi pọ́n àdá tí kò lò. Ẹni tó bá fún wọn ń ṣubú, ẹni tí kò bá fún wọn, ebi ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i, ó sì ń bí mi nínú. Ohun kan ṣoṣo ni mo lè fi lé ọ lọ́wọ́. Kí o tó tú okùn, béèrè gbogbo igi tó wà lọ́kàn onílé, kí o sì pe iye lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún náírà péré ni o pè lé èyí tó kéré jù. Kí ẹni tó di okùn mú ní ìpín nínú ogún náírà yẹn. Ohun tí a bá dá iye lé nìkan ni ìlú máa ń rí lọ́jọ́ tí a bá ṣubú. Ìyókù, àánú ni, àánú kì í sì í pẹ́ tán.

Agégi méjì ni mo ti sọ ọ́ fún ṣáájú rẹ. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àgbà tó ń sọ òtítọ́ ṣọ̀wọ́n. Mo lọ kí ọ̀kan nínú wọn lọ́dọ̀ àwọn tí ń to egungun lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó rí mi, ó yíjú sí ògiri.

O ti gé àgbálùmọ̀ mi tán láàárọ̀ yìí, mo sì ti san owó rẹ. Ẹni tó bá ọ di okùn mú ti lọ, mo gbọ́ nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ ń dún lọ. Mo tún gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé, tó ní kí o bá òun fi ẹ̀ka píà yẹn ṣe ènì, mo sì gbọ́ ohun tí o fi dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi ní kí o wá jókòó nìyẹn. Máa lọ sílé. Mi ò fẹ́ kí o gé e. Bí píà bá máa wó lulé, kó wó, ilé mi ni. Ìyàwó mi á bínú títí di alẹ́, á sì gbàgbé. Lọ́la, bí o bá fẹ́, mú ẹnì kejì rẹ wá, kí a jọ dá iye lé e.

O ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." O ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí mi sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, orí píà yẹn ni ojú rẹ wà, o sì ti bọ́ bàtà.